Eré Bojúbojú àti Ọgbọ́n Ìfarapamọ́ Lálẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, ‘Yíyọ́ ẹkùn kì í ṣe ti ojo.’ Ẹkùn ń yọ́ rìn nítorí pé ó mọ ohun tí ó ń wá. Ènìyàn náà lè kọ́ ọgbọ́n yìí, inú eré ni ọmọdé sì ti ń kọ́ ọ. Eré bojúbojú tí a ń ṣe lálẹ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ.

Ní Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìlú Yorùbá mìíràn, àgbàlá agbo ilé ni àwọn ọmọdé ti máa ń péjọ ṣeré bí òṣùpá bá yọ. Olórí eré yóò fi ọwọ́ bo ọmọ kan lójú, àwọn yòókù yóò sì sá pamọ́. Bí orin bá parí, a ó ṣí i lójú kí ó máa wá wọn kiri. Ẹni tí ó bá sáré padà fọwọ́ kan olórí eré ti bọ́. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni a ó bò lójú tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni ìdúró jẹ́ẹ́. Ohun tí ó bá mira ni ojú ń tètè rí. Èkejì ni ibi tí a dúró sí. Dúró sínú òjìji ògiri tàbí igi. Má ṣe jẹ́ kí ojú ọ̀run tí ó mọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ. Aṣọ funfun a máa tàn nínú òṣùpá, ṣùgbọ́n aṣọ dúdú a máa bá òkùnkùn dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí alágẹmọ ti ń bá ewé dọ́gba.

Ẹ̀kẹta ni ìrìn. Rọra fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́ tán, kí ewé gbígbẹ má baà dún. Bí atẹ́gùn bá ń mi igi, ìgbà náà ni kí o rìn. Àwọn ọdẹ mọ èyí dáadáa. Wọn kì í sì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbé òórùn wọn lọ bá ẹran. Ẹ̀kẹrin ni ojú. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ojú tó mọ́ òkùnkùn lára. Bí o bá sì fẹ́ rí ohun kan nínú òkùnkùn, má tẹjú mọ́ ọn gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ni kí o wò.

Àwọn òyìnbó náà ka irú eré yìí sí ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1908, Robert Baden-Powell fi eré ìyọ́rìn sínú ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Scouting for Boys. Ní ọdún 1915 ni ẹgbẹ́ Síkáòtù dé Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n fi etí sílẹ̀ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti gbilẹ̀ ní Sángò-Ọ̀tà, tírélà sì ń rìn tọ̀sán-tòru ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta àti ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Aṣọ dúdú tí ó pa ọ́ mọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ yóò pa ọ́ mọ́ fún awakọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń yọ́ rìn lẹ́bàá odi ilé-iṣẹ́, olè ni àwọn aṣọ́nà yóò pè é. Nítorí náà, inú ọgbà tí a mọ odi yí ká, níṣojú àgbàlagbà, ni kí ẹ ti ṣeré. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò ní ọ̀sán nítorí kòtò àti irin, kí ẹ sì ka iye ara yín kí ẹ tó tú ká. Bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀ sókè.

Ní ìparí, ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń fara pamọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fara hàn. Ẹni tí ó mọ méjèèjì ni a lè sọ pé ó gbọ́n.