Práímà olówó pọ́ọ́kú: ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Houston, tó máa ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín, pè mí láìpẹ́ yìí. Inú ẹ̀ ń dùn pé òun rí práímà ẹgbẹ̀rún kan ní $60 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi máa sanwó tán, ó ti di $105. Wọ́n bu $30 lé e nítorí pé ohun tó lè bú gbàmù ni, wọ́n tún gba $15 owó ìfiránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, $80 ni wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ilé ẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Práímà ni irin róbótó bíi bọ́tìnnì tó wà ní ìdí ọta. Tí irin inú ìbọn bá ti gbá a, á ṣáná sí ẹtù, ẹtù á sì ti ọta jáde. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ máa ń ṣa èèpo idẹ tí wọ́n ti yìn, wọ́n á fi práímà, ẹtù àti ọta tuntun sí i fún ìlò ara wọn. Òfin ibẹ̀ gbà á. Òfin Nàìjíríà kò gbà á o, ẹ má dán an wò.

Ṣáájú 2020, nǹkan bíi $30 sí $40 ni ẹgbẹ̀rún kan. Kòrónà dé, àwọn èèyàn ń ra ìbọn bíi ẹni ra búrẹ́dì, iléeṣẹ́ Remington sì wọko gbèsè lọ́dún yẹn kan náà. Owó práímà kọjá $100. Ó ti já wálẹ̀, àmọ́ kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ginex láti Bosnia àti Fiocchi láti Ítálì fi ń rọ́jà. Wọn kò burú. Ẹni tó fẹ́ pa àgbọ̀nrín kò nílò práímà olówó gọbọi tí àwọn tó ń díje ń lò. (Láti 2024, ọwọ́ CSG, iléeṣẹ́ kan ní Czech, ni CCI, Federal, Remington àti Fiocchi wà. Orúkọ ló pọ̀, ọ̀gá kan ni.)

Owó $30 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà á fún gbogbo ẹrù tí ẹ bá rà pọ̀. Tí èèyàn márùn-ún bá dáwó jọ ra 5,000, $6 péré ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó léwu gan-an nìyí. Ìbọn .223 ń lo práímà ráífù kékeré; .308 àti .30-06 ń lo ńlá. Ẹ má fi ti ìbọn ìléwọ́ sínú ráífù torí pé ó wọ́n díẹ̀. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó lè lu, kí ooru ẹtù sì fẹ́ sí yín lójú. Nínú AR-15, irin tó ń gbá práímà kò ní spíríìnì tó dì í mú, ó máa ń kan práímà nígbàkigbà tí ìbọn bá pa dé. Tí práímà bá rọ̀, ìbọn lè yìn fúnra rẹ̀. Ẹ ra èyí tó le, bíi CCI 41.

Bí ẹ bá sì pààrọ̀ irú práímà, ẹ dín ẹtù kù sí ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Inú páálí tó bá wá láti iléeṣẹ́ ni kí ẹ fi pamọ́ sí. Tí ẹ bá dà á pọ̀ sínú ìgò, tí ẹyọ kan bá yìn, gbogbo ẹ̀ lè bú pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta ti inú ìgò fún yín, kódà kó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un.