Ààbò Ara fún Àwọn Tí Ń Tún Ọkọ̀ Ṣe

Láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì kò ṣọ̀wọ́n ní Èkìtì. Ọkọ̀ tí ń kó iṣu àti kòkó lọ sí Adó tàbí Àkúrẹ́ kò lè rìn pẹ́ kí ó má dé ọ̀dọ̀ wọn. Iṣẹ́ àṣelà ni, ọ̀pọ̀ òbí sì ń fi ọmọ wọn sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ewu, púpọ̀ nínú ewu ọ̀hún ni kì í sì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn kò fi kà á sí.

Ojú ni ọba ara. Iná tí wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀ ní ìtànṣán kan tí a kò lè rí, tí ó ń jó ẹyinjú. Ẹni tí ó wò ó lọ́sàn-án lè má mọ nǹkan kan títí di òru, nígbà tí ojú yóò máa ta á bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Awò dúdú ọjà lásán kò lè dènà rẹ̀. Ìbòjú wẹ́dà, tí a ṣe dígí rẹ̀ fún iṣẹ́ náà, ni ó yẹ. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó di irin mú fún ọ̀gá nílò tirẹ̀ pẹ̀lú.

Omi inú bátìrì jẹ́ ásíìdì tí ó lè fọ́ni lójú. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde nígbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀ sì lè gbiná bí ìṣáná tàbí sìgá bá súnmọ́ ọn. Awò ìdáàbòbò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni a fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ásíìdì bá ta sí ènìyàn lójú, omi tí ó mọ́ ni kí a máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí a tó gba ilé-ìwòsàn lọ.

Ekuru bíréèkì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èyí tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí a má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ ẹ dànù. Aṣọ tútù ni kí a fi nù ún. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò sì lè dènà òórùn ọ̀dà tí a ń fín sára ọkọ̀; ìbomú tí ó ní asẹ́ tí a ṣe fún un ni ó lè dènà rẹ̀.

Àṣà kan yẹ kí ó dópin, èyíinì ni fífi ẹnu fa bẹntiróòlù nínú rọ́bà. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá gbé e mì, a kò gbọdọ̀ fún un ní epo pupa kí ó lè bì, nítorí ibi tí ó ti ń bì gan-an ni bẹntiróòlù ti lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé-ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá. Bákan náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró; kí a fi ẹsẹ̀ irin tí ó lágbára tì í.

Ta ni yóò ra ohun ìdáàbòbò? Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 ní kí a pèsè aṣọ, ìbọ̀wọ́, bàtà àti awò fún òṣìṣẹ́ tí ń fọwọ́ kan ohun tí ń pani lára, ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin náà kàn. Àdéhùn 155 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí a ṣe ní 1981, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 1994, sọ pé owó ààbò kò gbọdọ̀ ti àpò òṣìṣẹ́ jáde. Bí ìsọ̀ ẹ̀bá títì tilẹ̀ kéré, ìlànà yìí yẹ ẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nítorí náà, òbí tí ó bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ó má ṣe béèrè iye ọdún àti owó fíríìdọ̀mù nìkan. Kí ó béèrè awò àti ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú, kí ọmọ náà lè fi ojú rẹ̀ méjèèjì rí ọjọ́ fíríìdọ̀mù rẹ̀.