Ẹni tí Ikú Ń Ṣọ́ Lẹ́yìn Oró Ejò: Bí Oníṣègùn Ṣe Ń Dá a Mọ̀

Nígbà tí wọ́n bá gbé ẹni tí ejò bù ṣán dé ilé ìwòsàn tí ó wà fún ìtọ́jú oró ejò ní ìlú Kaltungo, ní ìpínlẹ̀ Gombe, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá, ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó tẹ̀ lé e wá kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé yóò yè é? Ní ilẹ̀ tiwa, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Àwọn oníṣègùn òyìnbó náà kò sì sọ pé àwọn mọ ọ̀la, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọ́ ọ pé ara tí oró ti wọ̀ a máa fi àmì hàn, àti pé ẹni tí ó bá mọ àwọn àmì náà lè sọ, kí wákàtí kan tó pé, ẹni tí ikú ń ṣọ́ láàárín àwọn tí wọ́n dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ó sì tètè gbé òògùn dìde fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni oró ejò ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tí ó sì ń sọ di aláàbọ̀ ara tó ìlọ́po mẹ́ta wọn. Síbẹ̀, ó di ọdún 2017 kí àjọ náà tó fi í sí ipò iwájú láàárín àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti kọ ẹ̀yìn sí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: àgbẹ̀, darandaran àti àwọn ọmọ wọn ni ejò ń bù ṣán, àwọn wọ̀nyí kì í sì í ní agbẹnusọ ní olú ìlú.

Ejò tí ó ń pa wọ́n jù ní àfonífojì odò Benue kì í ṣe èyí tí ó tóbi lójú. Ìbátan paramọ́lẹ̀ ni, Echis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti iyanrìn àti ewé gbígbẹ tí ó ń sá pamọ́ sí, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ tí ó jáde lọ kọ ebè nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lè ti fi ọwọ́ bà á kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ẹ̀jẹ̀ wa ní àwọn èròjà tí ń mú un dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́; oró ejò yìí a ru wọ́n sókè nínú iṣan láìnídìí, a sì máa lò wọ́n lọ títí wọn yóò fi tán, nítorí náà nígbà tí ara bá wá nílò wọn gan-an, kò ní bá wọn mọ́, oró náà yóò sì ti máa ba ògiri iṣan jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní èrìgì, nínú itọ̀, lójú ọgbẹ́ tí ó ti fẹ́ jiná. Bí ó bá sì yọ sínú ọpọlọ, kò sí ọwọ́ tí a lè fi dí i. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí oró yìí wọ̀ lára, tí wọn kò sì rí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ lò, mẹ́wàá títí dé ogún ni ó lè kú.

Báwo wá ni dókítà ṣe ń mọ̀ pé oró ti dé inú ẹ̀jẹ̀? Kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti inú iṣan, bíi mílílítà 2, yóò dà á sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, yóò gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìfọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà yóò da ojú rẹ̀ dé. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá dì mọ́ ìdí ìgò, ó dára. Bí ó bá ṣàn jáde, a jẹ́ pé oró ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lọ mú òògùn wá. David Warrell, oníṣègùn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Zaria ní àwọn ọdún 1970, wà lára àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ àyẹ̀wò yìí múlẹ̀ níhìn-ín ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ejò ti ń pa ènìyàn ni wọ́n sì ti ń lò ó báyìí. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí púpọ̀, nítorí pé nọ́ọ̀sì tí ó wà ní abúlé tí kò ní iná mànàmáná lè ṣe é, ó sì lè tún un ṣe ní wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn òògùn láti mọ̀ bóyá kí wọ́n fi kún un. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ tirẹ̀: ìgò gíláàsì ni kí ó jẹ́, kì í ṣe ike, a kò sì gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí pé bí ọṣẹ bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá lè kọ̀ láti dì, àyẹ̀wò yóò sì purọ́.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni àmì. Àwọn kan wà nínú ẹbí sèbé tí oró wọn ń mú iṣan ara rọ, ìpéǹpéjú ni a sì ń wò fún ìwọ̀nyí: bí ó bá ń wálẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, tí ohùn ń lọ́, tí aláìsàn kò lè gbé itọ́ mì, tí ọrùn kò gba orí dúró mọ́, èémí ni ó kù tí oró náà yóò dé, ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn mí ni ó sì lè gbà á sílẹ̀. Ọmọdé wà nínú ewu ju àgbà lọ, nítorí pé ejò kì í fi ọjọ́ orí wọn oró rẹ̀. Ohun tí ó ń tú sí àgbàlagbà lára náà ni ó ń tú sí ọmọ ọdún mẹ́fà, ìdí sì nìyí tí a kì í fi í dín ìwọ̀n ẹ̀rọ̀ kù fún ọmọdé bí a ti ń ṣe sí òògùn mìíràn.

Síbẹ̀, àmì kan tí ó lágbára púpọ̀ kò sí lára aláìsàn rárá. Abdulrazaq Habib ti Yunifásítì Bayero ní Kano àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 lórí àwọn tí oró ejò pa ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, rí i pé wákàtí kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn bá fi falẹ̀ kí ó tó dé ilé ìwòsàn a máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu ikú rẹ̀. Ìdá kan lè dàbí ohun kékeré lójú ẹni, ṣùgbọ́n àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko: ẹni tí ó kọ́kọ́ yà sí ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, tí ó tún fi ọjọ́ kan wá owó ọkọ̀, tí àgbàrá sì ti ba ọ̀nà jẹ́ kí ó tó gbéra, ti di ẹrù wákàtí 48 lé orí ara rẹ̀ kí dókítà tó fojú kàn án.

N kò bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jà. Ewé àti egbò wa ní iyì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà ọlọ́fọ̀ sì mọ ìwà ejò ju ẹni tí ó kàwé lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má ṣe fi abẹ sín ojú ibi tí ejò bù ṣán, kí wọ́n má sì fi okùn dì í pinpin, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí kò lè dì mọ́ yóò gba ojú abẹ jáde láìdúró, ẹsẹ̀ tí a sì dì jù lè kú kó di gígé. Kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀kadà gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ná. Ọfọ̀ lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Àwọn onímọ̀ kan ti gbìyànjú láti sọ gbogbo àmì wọ̀nyí di òǹkà. Ní Amẹ́ríkà, ní 1996, wọ́n gbé ìwọ̀n kan jáde tí ń fún ojú ọgbẹ́, èémí, ọkàn, inú, ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ní máàkì, ṣùgbọ́n ejò ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ìwé ilé ìwòsàn sọ ẹni tí yóò kú gbọ́dọ̀ rántí pé ìwé náà kò mọ ẹni tí kò dé ibẹ̀. Ní Íńdíà, nígbà tí àwọn olùwádìí lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń bi àwọn ẹbí léèrè ohun tí ó pa òkú wọn, wọ́n ṣírò pé ejò pa nǹkan bí 46,000 ènìyàn ní 2005 nìkan, kò sì ju 23 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí ó kú sí ilé ìwòsàn. Àwọn yòókù kú sílé, lóko, lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ó fún wọn ní máàkì kankan.

Ohun mìíràn tún wà tí ń sọ bí yóò ti rí, èyí tí dókítà pàápàá lè má fura sí: òògùn tí ó wà nínú ìgò. Oró ejò ni a fi ń ṣe ẹ̀rọ̀ oró ejò. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gún ẹṣin tàbí àgùntàn ní oró náà títí ara ẹranko yóò fi mọ bí a ti ń bá a jà, kí wọ́n tó yọ ohun ìjà náà láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ̀ tí a fi ejò Íńdíà ṣe kò ká oró ejò Áfíríkà, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ ìbátan. Ní Gánà, nígbà tí wọ́n fi irú òògùn bẹ́ẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, iye àwọn tí ń kú gòkè láti 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún dé 12.1, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí ó jáde ní 2008. Ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ bí mo bá rántí ìròyìn yìí, nítorí pé àwọn ẹbí náà ti gbé ènìyàn wọn wá sí ibi tí a ní kí wọ́n gbé e wá.

Ìtàn ti Nàìjíríà sàn ju ìyẹn lọ. Wọ́n mú oró ejò ilẹ̀ wa lọ sí òkè òkun, wọ́n sì fi ṣe òògùn méjì: ọ̀kan ní Wales, láti ara àgùntàn, fún Echis nìkan, èkejì ní Costa Rica, láti ara ẹṣin, fún Echis, fún paramọ́lẹ̀ ńlá tí oró rẹ̀ ń mú ara wú, àti fún sèbé tí ń tu oró sójú ènìyàn. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ni ìyà fi ń jẹ ejò. Àwọn tí wọ́n ṣe òògùn kejì yìí ti kó ẹ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìgò kan. Nígbà tí wọ́n dán òògùn méjèèjì wò lára 400 aláìsàn ní Kaltungo, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2010, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin tún bẹ̀rẹ̀ sí dì láàárín wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn ìwọ̀n àkọ́kọ́. Kí ará Oǹdó tàbí Ọ̀ṣun tí ń gbé nínú ẹgàn má ṣe rò pé èyí ti parí ọ̀rọ̀ tiwa, nítorí pé wọn kò fi oró mámbà, ejò orí igi tí ń mú èémí dúró, kún ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí ikú oró ejò dín kù sí ìdajì kí ọdún 2030 tó dé, ọdún náà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a ti mọ ìgbà tí ejò ń jáde, tí a mọ ọ̀nà oko tí ó ń gbà, tí a sì mọ iye tí wákàtí kan ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ejò bù ṣán, ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ni pé kí ìgò òògùn àti ìgò gíláàsì tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò ti wà ní gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké tí ó yí odò Benue ká kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí owó wọn má sì jẹ́ èyí tí àgbẹ̀ yóò kọ́kọ́ ta ewúrẹ́ rẹ̀ kí ó tó lè san.