Kámẹ́rà mu omi, gbèsè wọ'lé: Ẹ yẹ àpótí wò kí ẹ tó wọ odò!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, wọ́n ní omi kò l'ọ́tàá. Irọ́ ni o! Kámẹ́rà ni ọ̀tá omi.

Ẹlòmíràn á ní, kí ni ará Ìbàdàn ń fi kámẹ́rà wá l'ábẹ́ omi, àwa tí òkun jìnnà sí? Ọ̀rọ̀ ti dé'lé wa. Àwọn ìyàwó òde òní kò fẹ́ fọ́tò abẹ́ igi nìkan mọ́. Inú omi ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n ti ya àwọn, kí aṣọ wọn máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ìrù ẹja.

Àbúrò mi kan tí ń ṣe iṣẹ́ fọ́tò ní Agbowó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bódìjà ni wọ́n f'àdéhùn sí. Ó yá kámẹ́rà ọ̀gá rẹ̀, ó lọ sí Dùgbẹ̀, ó ra àpò ọ̀rá kan tí ó ní ojú bíi dígí. Ẹni tí ó tà á fún un búra pé òkun gan-an kò lè wọ̀ ọ́. Wọn kò tíì ya fọ́tò mẹ́wàá tí kámẹ́rà fi dákẹ́. Nígbà tí ó máa yọ ọ́ s'ókè, omi inú àpò ti tó ife kan. Ọ̀gá ní òun kò fẹ́ àlàyé, kámẹ́rà òun ni òun fẹ́. Ìyàwó ní kí ó dá owó òun padà. Títí di bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń san gbèsè l'óṣooṣù.

Mo bi í pé, "Ǹjẹ́ o dán àpò náà wò kí o tó ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́?"

Ó dorí kodò. "Bùọ̀dá, ẹ ṣáà bá mi bẹ ọ̀gá."

Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ l'áyé, ọgbọ́n ni ó sì gbà. Ní 1893 ni Louis Boutan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ń ya fọ́tò l'ábẹ́ òkun ní Banyuls. Ní 1926, W. H. Longley àti Charles Martin ya fọ́tò aláwọ̀ l'ábẹ́ omi ní Dry Tortugas, l'étí Florida. L'ónìí, àwọn olówó ń wọ bàálù lọ sí Òkun Karíbíà, bíi Bonaire àti Cayman, nítorí pé omi ibẹ̀ mọ́ gaara.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fáàrí nìkan ni kámẹ́rà abẹ́ omi wà fún. Ẹ rántí ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, 2013. Ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé l'étí Escravos, ní Ìpínlẹ̀ Delta, ó rì lọ sí nǹkan bíi mítà 30. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá kó. Kámẹ́rà wà l'órí òmùwẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ń wo àwòrán nínú ọkọ̀ l'ókè. Ó rí ọwọ́ kan nínú omi dúdú, ó rò pé òkú ni. Ó di ọwọ́ náà mú, ni ọwọ́ náà bá di tirẹ̀ mú! Harrison Okene ni, kúùkù ọkọ̀ náà. Nǹkan bíi wákàtí 60 ni ó ti lò nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó há sínú yàrá kan. Ọ̀gá tí ń wo àwòrán l'ókè ni ó ń sọ fún òmùwẹ̀ bí yóò ti fi sùúrù bá a lò. Òun nìkan ni ó yè. Bí àpótí kámẹ́rà yẹn bá ti jò ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ fetí sílẹ̀.

Èkíní, ẹ mọ bí omi ti jìn tó. Ní mítà 10, agbára tí ń fún nǹkan mọ́ra ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Àpò ọ̀rá kò ju fóònù àti omi tí kò jìn lọ. Àpótí oníke líle tí ó dára a máa tó nǹkan bíi mítà 40. Ti alumíníọ́mù a máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ju owó kámẹ́rà lọ.

Èkejì, irú kámẹ́rà yín gan-an ni kí àpótí bá mu. Bí bọ́tìnnì kò bá ṣe rẹ́gí, pàbó ni.

Ẹ̀kẹta, rọ́bà tí ó yí ẹnu àpótí ká ni ẹ̀mí rẹ̀. Irun kan ṣoṣo, tàbí ẹyọ iyanrìn kan, ó tó kí omi gbà wọ'lé. Ẹ nù ún, kí ẹ fi gírísì rẹ̀ pa á fẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí àbúrò mi kò ṣe: ẹ ki bébà tíṣù sínú àpótí òfìfo, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ sínú omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí tíṣù bá tutù, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Ẹ̀karùn-ún, àwọ̀ pupa ni omi kọ́kọ́ ń gbé mì. Kí ẹ tó lọ jìnnà, aṣọ pupa ti di bíi dúdú. Ẹ sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà, kí ẹ sì gbé fíláàṣì sí ẹ̀gbẹ́, kí ìdọ̀tí inú omi má baà tàn bí ìràwọ̀.

Ẹ̀kẹfà, bí ẹ bá ti inú òkun dé, ẹ rẹ àpótí sínú omi tútù tí kò ní iyọ̀ kí ẹ tó ṣí i.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ju kámẹ́rà lọ. Aṣọ ìyàwó a máa mu omi, a sì máa wúwo. Ẹ má fi ìyàwó sínú omi láìsí ẹni tí ó mọ̀ wẹ̀ dáadáa l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà tí ó kú, a ó san án títí yóò fi tán. Ta ni yóò san ẹ̀mí?

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹlòmíràn lè fi ti yín k'ọ́gbọ́n.