Ọdún Dé, Kò Sí Àlejò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, gbogbo wa mọ bí ọdún ṣe ń rí ní Ìfọ́n. Bí Àjíǹde tàbí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn á máa múra àtiwálé. Ẹni tó ní yàrá nínú agbo ilé á wọ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ilé kò bá gbà, á lọ gba òtẹ́ẹ̀lì ní Òṣogbo.

Ní ọdún 2020, kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Nígbà tí oṣù Kẹta ń parí lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ẹnubodè, wọ́n sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ni Àjíǹde, ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ni Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni ìjọba àpapọ̀ tó ṣí ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì.

Àwọn ìyá kan bínú. Wọ́n ní ṣé ọmọ tí àwọn bí ló máa wá kó àrùn ran àwọn? Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Àrùn kò lẹ́sẹ̀, ènìyàn ló ń gbé e rìn. Ní 1918, ọkọ̀ ojú omi ló gbé àrùn inflúẹ́ńsà wọ Èkó, rélùwéè sì gbé e wọ ìgbèríko. Ní ti kòrónà, ó lè tó ọjọ́ 14 kí àmì rẹ̀ tó hàn. Lára ẹlòmíràn, kì í tilẹ̀ hàn rárá. Ọmọ á wọlé tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́, ara rẹ̀ á le koko. Òun àti ìyá rẹ̀ á jókòó ti ara wọn nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa. Inú èémí ni àrùn náà ń gbà ran ni. Ọ̀dọ́ lè borí rẹ̀. Àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ lè má borí rẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Èrò oríṣiríṣi ìlú ló ń pàdé níbẹ̀, tí oníkálukú á tún padà sílé tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers fi ní kí òtẹ́ẹ̀lì wà ní títì. Ní oṣù Karùn-ún 2020, wọ́n wó méjì ní Eleme, wọ́n ní wọ́n rú òfin.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Èjìgbò tó wà nítòsí wa. Ní ìparí oṣù Kẹta yẹn, ènìyàn 127 ti ilẹ̀ Ivory Coast dé. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọlé tọ ẹbí wọn. Ibì kan ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì rí àrùn náà lára àwọn kan. Ká ní wọ́n ti wọ agbo ilé ńkọ́?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 sí 15 oṣù Kejìlá 2021, ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé gbọ́dọ̀ dá wà ní òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ 10, kí ó sì san pọ́n-ùn 2,285.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ má ka ìdádúró sí ìkórìíra. Ẹ ka ìwé ìkéde tí ìjọba bá lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ fi tẹlifóònù kí ara yín. Bí àlejò bá ti dé ná, abẹ́ igi lóde ni kí ẹ ti gbà á. Ọdún á tún yí po. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń jẹ ẹ́.

Ìbéèrè
1. Ọjọ́ mélòó ni àrùn náà lè fara pamọ́?
2. Kí ni wọ́n ṣe fún àwọn tó dé sí Èjìgbò?
3. Ta ni ó yẹ kí a dáàbò bò jù nínú ilé yín?