Kí ló dé tí kòkòrò ajẹgbàdo fi ń dá gbé?

Bí a bá ṣí àárín àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ, níbi tí ewé tuntun ti ká jọ bí àrọ, kòkòrò ńlá kan ṣoṣo ni a sábà máa ń bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a sì wí pé: «Ẹyọ kan péré! Kò le.» Ó le. Wọn kì í ṣe ẹyọ kan ní ìbẹ̀rẹ̀.

Kòkòrò yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń pè ní chenille légionnaire d'automne. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ọdún 2016 ni a kọ́kọ́ rí i ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ lẹ́tà yóò dá a mọ̀: àmì Y tí a dorí rẹ̀ kodò wà ní iwájú orí rẹ̀.

Afòpiná ni ìyá rẹ̀. Lóru ni ó ń yé ẹyin 100 sí 200 sójú kan lára ewé, tí ó sì ń fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 3, àwọn ọmọ a jáde, wọn a jọ máa ha ojú ewé kan náà, títí ibẹ̀ yóò fi mọ́ gaara bí ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ewé kan kò lè bọ́ igba ẹnu. Nígbà tí àyè bá há, wọn a ta òwú tín-ín-rín, wọn a so rọ̀, afẹ́fẹ́ a sì gbé wọn lọ sórí àgbàdo mìíràn. Àwọn tí ó bá kù pọ̀ a di ọ̀tá ara wọn: ńlá a máa jẹ kékeré, àní bí ewé bá tilẹ̀ wà nílẹ̀.

Kí àgbẹ̀ má tìtorí èyí yọ̀. Ẹni tí ó ṣẹ́gun ti jogún gbogbo oúnjẹ inú àgbàdo náà, kò sí ẹni tí yóò bá a dù ú. Nígbà tí ooru bá mú, bí ọ̀sẹ̀ 2 ni ó fi ń dàgbà kí ó tó wọ inú ilẹ̀, ọjọ́ ìkẹyìn wọ̀nyẹn ni ó sì ń jẹun jù lọ. Bí a bá fi máa rí ìgbẹ́ rẹ̀ nínú ewé, bí ìyẹ̀fun pákó, ewé ti bò ó, oògùn tí a bá fọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí wọ́n ṣì kóra jọ ni ó rọrùn láti pa wọ́n. Bí àgbàdo bá ti hù, ẹ máa wọ oko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ yẹ òkè ewé àti abẹ́ rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ẹyin tí ó ní irun, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìtẹ̀ kan lè pa ọgọ́rùn-ún. Bí ewé bá sì ti mọ́ gaara, ẹ yẹ àwọn àgbàdo tí ó yí i ká wò pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé àwọn ọmọ náà lọ.