Ta Ni Àgbẹ̀ Tí Ìjọba Ń Ràn Lọ́wọ́?

Ẹni tó bá ń gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ìbàfò àti Mówè, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò máa rí. Àmọ́ tó bá yà kúrò lójú títì, tó forí lé ọ̀nà Ọ̀fàdà, yóò bá ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ìrẹsì tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà. Àwọn tó ń ro oko wọ̀nyí ni ìjọba máa ń dárúkọ nígbàkúùgbà tó bá kéde owó ìrànwọ́ fún àgbẹ̀. Ṣé àwọn náà ló ń rí i gbà?

Láti ayé Operation Feed the Nation ní 1976 ni ètò kan ti ń rọ́pò òmíràn. Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí ni ti 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Kó tó dé, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ra ajílẹ̀, tó sì ń pín in. Adéṣínà sọ ọ́ ní gbangba pé nínú 100 àgbẹ̀, kò ju 11 lọ tí ajílẹ̀ náà ń dé ọwọ́ wọn. Ló bá ní kí ìjọba yé ra ajílẹ̀ mọ́: àtẹ̀jíṣẹ́ ni kó wọlé sórí fóònù àgbẹ̀, kó mú un lọ bá oníṣòwò, kó san ìdajì owó, kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ pín ìdajì tó kù san. Ọgbọ́n tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ìjà tó wà nídìí ilé ìkẹ́rùsí ajílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá kó lọ sídìí ìwé orúkọ àwọn àgbẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé, fóònù rẹ̀ kò ní dún.

Ibí ni àríyànjiyàn ti gbóná. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa kọ orúkọ, torí wọ́n mọ ara wọn. Àwọn mìíràn ní rárá, ojúsàájú ni yóò bà á jẹ́. Kí wọ́n fi BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, mọ ènìyàn, kí wọ́n fi sátẹ́láìtì wọn oko. Èmi ò rí i pé ìkankan nínú méjèèjì kàn wá tán níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń roko lágbègbè wa kọ́ ló nilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san, wọn ò níwèé kankan lọ́wọ́, onílẹ̀ sì lè ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì kí ẹ̀gẹ́ tó ta. Bí sátẹ́láìtì bá fi oko náà hàn, onílẹ̀ ni yóò jáde pé òun ló ni ín. Obìnrin tó ń ra ẹ̀gẹ́ láti inú ilẹ̀, tó ń fi ṣe gàrí, kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ rárá. Ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí.

Owó yíyá fún àgbẹ̀ tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé kalẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2015 náà kò bọ́ nínú ìṣòro. Ìwé ètò náà sọ pé àgbẹ̀ yóò dá a padà lẹ́yìn ìkórè. Etí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ọ pé owó ìjọba ni, ìpín tiwa. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta sí ìkẹrin ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Tí owó tàbí ajílẹ̀ bá wá dé nígbà tí àgbàdo ti yọmọ, ìrànwọ́ wo nìyẹn? Kí ni àgbẹ̀ yóò kó tí yóò fi san gbèsè?

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí ẹ tó pín kọ́bọ̀ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ lẹ ìwé orúkọ náà mọ́ ara ògiri ọjà ní Ọ̀fàdà, ní Mówè àti ní Ìfọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ ẹni tó ń roko wá kà á.